Orin Tó Jáde Látinú Ife Omi

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta

Ẹni tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ló ń kọ̀wé. Èmi Quitéria, tí mo ti ń rojọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ni wọ́n ní kí n pa ẹnu dé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọwọ́ mi ni yóò máa bá mi ráhùn.

Dókítà ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí bọ ihò imú mi lónìí, ó sì fi inú ọ̀fun mi hàn mí lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré. Okùn ohùn mi méjèèjì nìyẹn. Wọ́n pọ́n, kókó kékeré kan yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kókó náà sì dojú kọ ara wọn bí aládùúgbò tí kò rẹ́. Mo bi í bóyá ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi ń há láti Kérésì. Ó ní kí n má béèrè, kí n kàn máa mi orí. Bí kókó náà kò bá súnkì kó tó di ìgbà ooru, wọ́n á gé e. Bí wọ́n bá gé e, kò sí serenata fún mi.

Serenata yìí, orin ìfẹ́ tí a ń kọ lálẹ́ sí fèrèsé olólùfẹ́, ló sì wà lọ́kàn mi. Alẹ́ àìsùn ọdún Pétérù Mímọ́ ni, lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa. Ọkùnrin nìkan ló ti ń dúró síbẹ̀ kọrin láti ayébáyé. Ọ̀gbẹ́ni Aurélio àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó ń ṣètò ọdún náà fi gbogbo ìgbà òtútù jiyàn kí wọ́n tó gbà pé kí n wá kọ ẹyọ kan. Bí ohùn mi bá já lórí àtẹ̀gùn yẹn, wọn ò ní sọ pé ohùn Quitéria ló já. Wọ́n á ní àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin.

Mo gbé ìwé dókítà fún Adérito ọkọ mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì ìlú. Ó kà á tán, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì?" Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì fún ní ìsinmi. Mo ju bàtà lù ú.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta

Mo padà síbi iṣẹ́, ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń dúró létí omi tí mo ń pariwo mọ́ àwọn ìyá àgbà tí mo ń kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Òrùlé ibẹ̀ ga, gbogbo ohun tí mo bá sọ ló máa ń gbá padà sí mi létí, tí èmi náà á sì tún gbé ohùn sókè láti borí ara mi. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi náà ń ta sí ọ̀fun. Ta ló pa ohùn Quitéria bí kò ṣe Quitéria.

Ìyá Zulmira, tó jẹ́ ọ̀gá wọn bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó yàn án, wò mí bí mo ṣe ń ju ọwọ́. Ó kọjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, Quitéria ti ya odi. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó bá wù wá." Wọ́n dúró sínú omi títí dé àyà, wọ́n ń ṣòfófó fún wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta

Òjò. Adérito jó ìrẹsì. Kí n tó kọ èébú tán sórí bébà, ó ti jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin

Mo ti lè sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo lọ rí olùtọ́jú ohùn tí dókítà júwe fún mi. Noémia lorúkọ rẹ̀, ará Lisboa, olú ìlú wa, ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, àmọ́ kò bẹ̀rù mi rárá. Ó bi mí bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ méjì náà. Mo ní mo pa ẹnu mọ́, mo kàn ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tó bá pọn dandan. Ó ní ìgbà wo ló máa ń pọn dandan. Mo ní lójoojúmọ́.

Inú bí i. Ó ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ a máa fún okùn ohùn pọ̀ ju ariwo mìíràn lọ, pé bí mo bá fẹ́ sinmi kí n sinmi, bí mo bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ọmọlúwàbí. Mi ò mọ̀. Ta ló mọ irú ìyẹn?

Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ẹsẹ kan fún òun nínú orin tí mo máa ń kọ. Mo dìde, mo na àyà, mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ nílé ọtí kékeré tí èmi àti Bàbá Belmiro, onígìtá mi, ti ń ṣeré. Nígbà tí mo dé òkè orin, iṣan ọrùn mi le. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ń fara wé?"

Mo ní kò sí.

"Ọkùnrin ni. Ibi tí ohùn àwọn ọkùnrin ti ń tàn ni ẹ lọ dúró sí, ẹ wá ń fi agbára gbé àyà yín débẹ̀. Kì í ṣe pé ohùn yín kéré. Ẹ̀wù ẹlẹ́wù lẹ wọ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí mo fi délé. Ó dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ orin láàrin ọkùnrin, mo sì ní kò sí ẹni tó máa sọ pé wọ́n sọ orin kalẹ̀ nítorí mi.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin

Iṣẹ́ tí Noémia fún mi rèé: kí n bu omi sínú ife, kí n ti strọ́ọ̀, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa ohun mímu, bọ̀ ọ́, kí n máa hùn gba inú strọ́ọ̀ náà kí omi máa hó bùlùbùlù. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní atẹ́gùn tó ń ti omi yóò máa rọra tú okùn ohùn sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n máa gbá ara wọn.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wúkọ́. Kí ni mò ń kọ́ àwọn ìyá àgbà mi bí kò ṣe kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú omi?

Ó tún ní kò gbọdọ̀ sí kọfí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ mọ́. Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin

Ìjà pẹ̀lú Bàbá Belmiro. Ó ti fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, òun ló sì ń ta gìtá sí orin mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ohun tí Noémia wí fún un, mo ní kí a sọ kíì orin wa, ìyẹn ìwọ̀n gíga ohùn rẹ̀, kalẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó ta ìyá rẹ̀. Ó ní kíì tí bàbá òun fi ń lù ú nìyẹn, ibẹ̀ ni okùn gìtá ti ń sọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ orin ìsàlẹ̀ kó lọ bá àwọn tó ń kọrin òkú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u díẹ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ó pa gìtá rẹ̀ mọ́ inú àpótí, ó lọ.

Mi ò ní ẹlòmíràn tó lè ta gìtá fún mi, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin

Ọjọ́ òmìnira, gbogbo ìlú mú òdòdó pupa dání. Mi ò jáde.

Jẹ́ kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sídìí tábìlì, mò ń hó omi mi. Ó ti sú mi láti máa hùn sókè sódò lásán, nítorí náà mo jẹ́ kí ohùn máa rìn bó ṣe fẹ́. Strọ́ọ̀ kì í gbà kéèyàn fi agbára ṣe é. Bí mo bá ti tì í jù, omi á fò sí mi lójú. Adérito ń fọ abọ́. Nígbà tó yá, mo dúró láti mí, mo sì gbọ́ tí òun ṣì ń bá a lọ, ó ń hùn lẹ́nu, ó ń fi kànìnkànìn bá a rìn lórí abọ́.

Mo ní, "Kí lo ń kọ?"

Ó ní, "Orin tí ò ń kọ sínú ife yẹn ni. Láti ọjọ́ Àìkú lo ti ń kọ ọ́. Òun ni mo fi wa bọ́ọ̀sì lónìí látàárọ̀."

Mi ò mọ̀ pé orin ni. Mo rò pé oògùn ni. Mo ní kó tún un kọ, ó tún un kọ, ó ṣì í ní ibì kan, mo tún un ṣe fún un, ibi tí mo tún ṣe ni mo ti mọ̀ pé mo ní in lọ́kàn lódindi. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ohùn mi ti ń sinmi, ó gòkè díẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni du òkè, ó padà sílé. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń kọrin, orin àwọn ọkùnrin tó ti kú ni mò ń kọ. Èyí ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi. Inú mi dùn débi pé mo nu abọ́ tó kù.

Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún

Orin ti wà, ọ̀rọ̀ kò sí. Gbogbo ohun tí mo bá kọ ló dà bí káàdì ọjọ́ ìbí. Mo ya bébà mẹ́rin.

Létí omi lónìí, mo ṣi ẹnu sọ fún Ìyá Zulmira pé mò ń gbìyànjú láti kọ orin, àmọ́ mi ò rò pé mo ní ẹ̀bùn rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ nínú omi, ó ronú, ó ní, "Kọ ọ́. Bó bá burú, àwa la máa kọ́kọ́ sọ fún ọ, a ò ní jẹ́ kí o dójú ti ara rẹ níta. Àmọ́ ta la fẹ́ bá wí nígbà tí o ò tíì kọ nǹkan kan?" Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan ní kí n má fi òṣùpá sí i, pé òṣùpá ti pọ̀ jù nínú orin wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí tú mi sílẹ̀ ju ìyìn lọ.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún

Mo rí i. Nínú gbogbo serenata, ọkùnrin ló máa ń dúró nísàlẹ̀, tí yóò máa bẹ ọmọbìnrin pé kó jí, kó yọ sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá dúró nísàlẹ̀, kí ni yóò sọ? Adérito a máa jí kí oòrùn tó là, yóò wa bọ́ọ̀sì gun òkè gun òkè, bó bá dé á sùn lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mi ò ní jí i.

*Má dìde, máa sùn,*
*ọ̀nà tí o rìn lónìí gùn.*
*Èmi ni mo dúró nísàlẹ̀,*
*mo kàn wá sọ fún fèrèsé rẹ*
*pé mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ láàrin ẹgbẹ̀rún.*

Kò sí òṣùpá níbẹ̀. Mo kà á fún àwọn ìyá inú omi. Ìyá Zulmira fi omi bọ́jú, ó ní ká máa bá eré ìdárayá lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún

Mo ti ba ara mi jẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Aurélio kọrin ní ìrọ̀lẹ́ àná lábẹ́ ẹnubodè olókùúta nítòsí ọjà. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un lóhùn. Ó da aṣọ ìlékè dúdú olórin rẹ̀ bo èjìká, ó la ẹnu, irun ara mi dìde. A kì í pàtẹ́wọ́ fún serenata níhìn-ín, àwọn ará Lisboa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí orin bá dùn mọ́ wa, a ó ha ọ̀fun, hẹ̀n, hẹ̀n, hẹ̀n, gbogbo èrò lápapọ̀, bí ìgbà tí àgùntàn bá ń wúkọ́ nínú agbo. Mo ha ọ̀fun fún orin kìíní. Orin kejì dára jù ú lọ, mo ha á gan-an. Nígbà tó fi máa dé orin ìkẹyìn, èmi ni mò ń ṣáájú gbogbo ìlà wa.

Mi ò rántí ọ̀fun mi rárá. Inú àṣà yẹn ni wọ́n bí mi sí, ta ló ń ronú kó tó yin èèyàn? Mo jí láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ kí Adérito, atẹ́gùn lásán ló jáde.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún

Adérito tẹ̀lé mi lọ sọ́dọ̀ Noémia láti jẹ́ ẹnu mi. Ó wo ọ̀fun mi, ó fajú ro. Ó ní kí ni mo pariwo lé lórí. Mo kọ ọ́ sórí bébà pé mi ò sọ gbólóhùn kan. Ó ní kí ni mo wá ṣe. Adérito bá ṣe é fún un, hẹ̀n, hẹ̀n, hẹ̀n, pẹ̀lú ìtara.

Noémia di orí mú. "Ẹ ń fi ọ̀fun pàtẹ́wọ́?"

Adérito ní, "Ọwọ́ la fi ń mú ife, mádáàmù."

Noémia rẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró, àmọ́ nígbà tó rẹ́rìn-ín tán ó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní bí mo ṣe mú kí okùn ohùn mi máa gbá ara wọn láàrin wákàtí kan yẹn ti gba èrè ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́wọ́ mi. Ìdákẹ́jẹ́ tún ni, lẹ́yìn náà ife omi. Dókítà yóò tún wò mí nínú oṣù tó ń bọ̀, òun ni yóò sọ bóyá kí n kọrin tàbí kí wọ́n gé e. Ó ní bó bá tún ṣe mí bíi kí n ha ọ̀fun, kí n mu omi díẹ̀, kí n gbé e mì.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún

Ṣẹ́rì, èso pupa wẹ́wẹ́ yẹn, ti dé ọjà, owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Mo rà á síbẹ̀síbẹ̀, mo jókòó létí odò Mondego tó gba ìlú wa kọjá, mo jẹ ẹ́ tán fúnra mi, mo sì sunkún. Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ bá Aurélio kí n ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi kó tó di ẹ̀sín. Mo ti ronú ohun tí màá kọ sí i. Ó dára gan-an, kò sí òṣùpá níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Adérito ti rí i lójú mi. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sílẹ̀ fún un. Ó ní, "Quitéria, ilé yìí ti dákẹ́ jù. Mo rò pé màá gbádùn rẹ̀, mi ò gbádùn rẹ̀. Mi ò bìkítà bí o ò bá kọrin níbì kankan. Àmọ́ má lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde kí dókítà tó sọ̀rọ̀."

Mi ò lọ.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà

Bàbá Belmiro kan ilẹ̀kùn. Ó gbé gìtá dání, kò wo ojú mi. Ó ní òun wọ bọ́ọ̀sì Adérito ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dírẹ́bà ń hùn orin kan, òun bi í orin ta ni, ó ní orin ìyàwó òun. Òun délé, òun wá a lórí gìtá, kò bọ́ sí i níbi tí ọwọ́ òun máa ń wà. Òun wá a lọ sísàlẹ̀. Ó jókòó, ó ta á fún mi lórí okùn tó nípọn, okùn tó jẹ́ pé kìkì ìgbà ìparí orin ló máa ń fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀. Ilé kún. Ó dà bí ẹni pé gìtá mìíràn ni.

Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń gbé e lọ́wọ́, mi ò mọ̀ pé ó ní àyà."

Mo mu omi, mo gbé ìdùnnú mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà

Irin inú imú. Tẹlifíṣọ̀n kékeré. Okùn ohùn mi funfun bí eyín ọmọdé. Kókó kan ti lọ pátápátá, àmì kékeré ló ṣẹ́kù lára èkejì. Dókítà pe nọ́ọ̀sì wá wò ó.

Kò sí ọ̀bẹ. Ó ní kí n máa kọrin lọ, àmọ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí. Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé láti ilé ìwòsàn lórí òkè, mi ò lè jókòó sínú ọkọ̀ kankan. Mo kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, títí kan àwọn tí mi ò mọ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà

Ìgbìmọ̀ ní kí gbogbo olórin wá dán an wò. Èmi àti Bàbá Belmiro ṣe tiwa. Aurélio gbọ́ ọ títí dé òpin, kò já mi lẹ́nu, mo fún un ní ọ̀wọ̀ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ní orin náà dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, àmọ́ ó wà nísàlẹ̀ jù. Kò sí makirofóònù lórí àtẹ̀gùn, a kò lò ó rí, a ò sì ní bẹ̀rẹ̀. Èrò á kún títí dé ìdí ilé mi lápá kejì. Orin àwọn ọkùnrin máa ń fò kọjá lórí wọn. Tèmi, àwọn tó wà níwájú nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Ó ní kí n kọ èyí tí mo ti ń kọ tẹ́lẹ̀, ní kíì rẹ̀ àtijọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní àtẹ̀gùn. Èmi ni mo ní ọ̀fun."

"Tí wọn ò bá wá gbọ́ ọ ńkọ́?"

"Ẹ ó lè sọ pé ẹ ti sọ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí títí di ìsinsìnyí. Mo bi Noémia lórí fóònù. Ó ní kí n má ṣe lépa ẹni tó wà lẹ́yìn, kí n la ẹnu, kí n fi èémí tì í, kí n jẹ́ kí egungun ojú mi máa gbọ̀n, pé ohùn tó bá wà nílé ara rẹ̀ a máa rìn jìnnà. Ó rọrùn láti sọ fún ẹni tí kì í ṣe òun ló fẹ́ dúró síbẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, ọ̀sán

Wọ́n ti ń kó àrò jáde síta láti sun ẹja sàdíìnì. Bí èéfín yẹn bá gba ojúde, ọ̀fun mi parí. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Zulmira lásán, ṣé ẹ mọ̀ pé ó kó gbogbo àwọn ìyá inú omi jáde? Wọ́n lọ láti àrò dé àrò. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọkùnrin kan pé kó má dáná títí tí Quitéria fi máa kọrin tán, àìṣe bẹ́ẹ̀ òun á jókòó lé àrò náà. Ọkùnrin náà wo bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, ó gbà.

Mo ti hó omi mi. Mo ti dákẹ́. Adérito ń lọ aṣọ mi, ó jó ìṣẹ́tí rẹ̀ díẹ̀, mo dárí jì í.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà

Ojúde kún fọ́fọ́ lálẹ́ àná. Ọkùnrin mẹ́ta ló kọ́kọ́ kọrin, Aurélio ló kẹ́yìn wọn, ó sì kọ ọ́ bíi pé ó fẹ́ ṣí òrùlé ọ̀run. Wọ́n ha ọ̀fun fún un dáadáa. Èmi mu omi.

Lẹ́yìn náà èmi àti Bàbá Belmiro gun orí àtẹ̀gùn. Wọ́n pa iná ojúde gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣì kù díẹ̀ lójú sánmà, mo rí orí àwọn èèyàn títí dé ilé wa, mo sì rí fèrèsé yàrá wa ní àjà kẹta, ó ṣókùnkùn. Bàbá Belmiro fọwọ́ kan okùn tó nípọn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lápá òsì mi ní "ha," jẹ́jẹ́.

Mi ò na àyà. Mo la ẹnu, mo jẹ́ kí ó jáde. Ẹsẹ ìkíní, mo gbọ́ ara mi, kò dà bí ohùn tí mo mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó gbòòrò, kò sì ná mi ní nǹkan kan. Ojúde dákẹ́ ju bó ṣe dákẹ́ fún àwọn ọkùnrin lọ, nítorí pé wọ́n ní láti tẹ́tí, wọ́n sì tẹ́tí. Ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́yìn dákẹ́. Nígbà tí mo dé *pé mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ*, mo rí ọkùnrin kan lọ́nà jíjìn, lábẹ́ ilé wa gan-an, tó ṣí fìlà. Wọ́n ń gbọ́ mi lọ́hùn-ún. Mo kọ ọ́ parí láì kánjú.

Kò sẹ́ni tó ha ọ̀fun. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù, àfi ìgbà tí mo rí i pé gbogbo èrò ti yíjú sí fèrèsé wa. Ó jẹ́ òfin níhìn-ín pé ẹni tí wọ́n kọrin sí gbọ́dọ̀ dáhùn, yóò tan iná yàrá, yóò pa á, yóò tún tàn án, kí olórin mọ̀ pé wọ́n gbà á. Obìnrin ló máa ń wà lókè. Kò sí ẹni tó ronú pé lọ́tẹ̀ yìí ọkùnrin ni. Fèrèsé wà bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, Aurélio ń wo bàtà ara rẹ̀, ojú ń tì í nítorí mi.

Adérito wà láàrin èrò. Mo rí i. Ó mú ẹ̀wà tremoço tí wọ́n fi iyọ̀ sè dání nínú bébà, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, òun náà ń wo fèrèsé.

Ìyá Zulmira ló sọ ọ́. "Adérito, ilé ta lo rò pé wọ́n ń kọrin sí? Gòkè lọ."

Adérito ní, "Orin náà ní kí n má dìde."

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n lanà fún un, ó sáré, bébà tremoço ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ń dúró. Mo mọ àtẹ̀gùn ilé wa, mo mọ orúnkún rẹ̀. Iná kan tàn, ti ilé ìwẹ̀ ni, àwọn èèyàn kérora. Ó kú. Lẹ́yìn náà iná yàrá wa tàn. Ó kú. Ó tàn. Ó kú. Kò dúró níbi tí àṣà ní kó dúró, ó ń tàn án ó ń pa á bí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n ha ọ̀fun fún mi, láti iwájú dé ẹ̀yìn, àwọn ìyá inú omi ló ń ṣáájú wọn, Aurélio pẹ̀lú, mo gbọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nítorí pé mo mọ ohùn yẹn dáadáa.

Fèrèsé ṣí. Adérito yọ orí síta, ó ń mí hẹlẹ, ó pariwo sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀.

"Quitéria! Ṣé kí n pa á ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Gbogbo èèyàn yíjú padà sí mi lórí àtẹ̀gùn.

"Fi í sílẹ̀," mo dá a lóhùn. Mi ò gbé ohùn sókè rárá, ó sì gbọ́ mi.